Àkókò fífi túùbù oúnjẹ sí ara ẹni tí ó ní àrùn ALS

Àkókò fífi túùbù oúnjẹ sí ara ẹni tí ó ní àrùn ALS jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìpinnu tí ó ṣòro jù lọ nínú ìtọ́jú àrùn náà. Túùbù oúnjẹ, tí àwọn mìíràn ń pè ní rọ́bà oúnjẹ, ni èyí tí a gba ara awọ ikùn kì bọ inú àpòlúkù, kí oúnjẹ, omi àti oògùn lè máa dé ibẹ̀ láìgba ọ̀fun kọjá. Kì í ṣe bóyá aláìsàn ṣì lè jẹun lónìí nìkan ni ìbéèrè tí ó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Ìbéèrè tí ó tóbi jù ni bóyá èémí rẹ̀ ṣì lágbára tó láti fara da iṣẹ́ abẹ kékeré náà. Èémí ń dín kù bí àrùn ALS ti ń tẹ̀ síwájú. Nítorí náà, ìgbà tí iṣẹ́ abẹ náà léwu kéré jù sábà máa ń jẹ́ ìgbà tí aláìsàn àti ẹbí rẹ̀ kò tíì gbà pé ó pọn dandan. Ní Àkúrẹ́ àti ìlú Oǹdó, níbi tí ẹbí ti lè ní láti rìnrìn àjò kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tí yóò ṣe é, ìdí wà láti tètè bẹ̀rẹ̀ ìjíròrò náà.

Àrùn ALS

ALS ni ìkékúrú orúkọ amyotrophic lateral sclerosis. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, motor neurone disease ni wọ́n sábà máa ń pè é. Àrùn yìí ń pa àwọn sẹ́ẹ̀lì inú ọpọlọ àti inú ọ̀pá ẹ̀yìn tí ń gbé àṣẹ lọ sí iṣan. Iṣan tí kò bá rí àṣẹ gbà mọ́ yóò rọ, yóò sì máa joro. Ojú, etí àti ìmọ̀lára awọ kì í sábà bá a lọ, ọ̀pọ̀ aláìsàn sì ń mọ gbogbo ohun tí ń ṣẹlẹ̀ sí wọn. Ní ara ọ̀pọ̀ ènìyàn, ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ ni àrùn náà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ní ara nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ahọ́n àti ọ̀fun ni ó kọ́kọ́ ń mú, tí ọ̀rọ̀ yóò máa lọ́ lẹ́nu, tí oúnjẹ yóò sì máa há.

Jean-Martin Charcot, dókítà ọmọ ilẹ̀ Faransé, ni ó ṣe àpèjúwe àrùn náà láti ọdún 1869, tí ó sì fún un ní orúkọ rẹ̀ ní 1874. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n tún ń fi orúkọ Lou Gehrig pè é, ìyẹn gbajúmọ̀ agbábọ́ọ̀lù baseball tí wọ́n sọ fún ní 1939 pé ó ní in, tí ó sì kú ní 1941. Stephen Hawking, onímọ̀ físíìsì ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbọ́ ní 1963 pé ó ní in, ó sì gbé ayé títí di 2018, ṣùgbọ́n irú èyí ṣọ̀wọ́n púpọ̀. Ọ̀pọ̀ aláìsàn ń lo ọdún méjì sí márùn-ún láti ìgbà tí àmì àkọ́kọ́ bá ti hàn. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́wàá ni ó ń kọjá ọdún mẹ́wàá. Kò tíì sí oògùn tí ń wò ó sàn. Riluzole, tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 1995, ń fa ọwọ́ àrùn náà sẹ́yìn díẹ̀ ni.

Àrùn ALS kì í ràn. Ẹni 5 sí 10 nínú 100 ni ó jogún rẹ̀ láti inú ẹbí. Kò sì jọ àrùn rọpárọsẹ̀, nítorí pé rọpárọsẹ̀ máa ń kọlu ènìyàn lójijì, ALS sì máa ń wá díẹ̀díẹ̀ fún oṣù púpọ̀. Nítorí pé àwọn méjèèjì ń sọ ọwọ́, ẹsẹ̀ àti ohùn di aláìlágbára, àwọn kan máa ń pè é ní rọpárọsẹ̀, àwọn mìíràn a sì pè é ní àfiṣe. Ọ̀pọ̀ oṣù lè ti kọjá ní ilé àdúrà tàbí lọ́dọ̀ oníṣègùn ìbílẹ̀ kí aláìsàn tó dé iwájú dókítà tí ó mọ̀ nípa ọpọlọ àti iṣan.

Àrùn náà kì í ṣe àjèjì sí ilẹ̀ Yorùbá. Benjamin Olúwakáyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun, ọmọ Òkè-Ìmẹ̀sí ní ilẹ̀ Èkìtì tí ó wà lára Ìpínlẹ̀ Oǹdó láti 1976 títí di 1996, jẹ́ aṣáájú àwọn onímọ̀ àrùn ọpọlọ ní Nàìjíríà. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ilé Ìwòsàn Yunifásítì ti Ìbàdàn, UCH, tẹ̀ lé ìrìn àrùn yìí lára aláìsàn 92, wọ́n sì gbé ohun tí wọ́n rí jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Brain ní 1974.

Ọ̀fun àti ìwọ̀n ara

Ọ̀pọ̀ iṣan ni ó ń ṣiṣẹ́ pọ̀ kí òkèlè kan tó dé àpòlúkù. Ahọ́n ń tì í sẹ́yìn, ọ̀nà èémí ń padé fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ọ̀fun sì ń fà á sísàlẹ̀. Nígbà tí àwọn iṣan wọ̀nyí bá rọ, omi lásán ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ di ìṣòro, nítorí pé ó ń yára ṣàn ju bí ọ̀nà èémí ti lè padé lọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ohun gbígbẹ àti ohun wóró-wóró bíi gààrí, ìrẹsì, búrẹ́dì gbígbẹ àti ẹran asun. Iyán, oúnjẹ iyì ní Àkúrẹ́ àti ìlú Oǹdó, lè há lọ́fun nítorí pé ó ń fà. Oúnjẹ tàbí itọ́ tí ó bá ṣìnà bọ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró lè di òtútù àyà.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, àyípadà oúnjẹ máa ń ràn aláìsàn lọ́wọ́. Ògì tí ó ki, mọ́ínmọ́ín rírọ̀, àmàlà rírọ̀ pẹ̀lú ọbẹ̀ ewédú àti ẹ̀wà tí a lọ̀ kúnná máa ń rọrùn láti gbé mì ju omi tàbí ohun gbígbẹ lọ. Fífi epo, ẹyin, mílíìkì tàbí ẹ̀pà lílọ̀ kún un ń mú kí oúnjẹ díẹ̀ ní agbára púpọ̀. Jíjókòó gangan, gbígbé òkèlè kéékèèké àti títẹ orí síwájú díẹ̀ nígbà tí a bá ń gbé e mì tún ń ṣe àǹfààní fún àwọn kan.

Síbẹ̀, aláìsàn lè máa rù bí àyípadà wọ̀nyí tilẹ̀ wà. Iṣan tí ń joro ń dín ìwọ̀n ara kù, oúnjẹ tí ń wọlé kò tó mọ́, ara ọ̀pọ̀ aláìsàn ALS sì ń jó agbára ju ti ẹlòmíràn lọ àní nígbà tí wọ́n bá jókòó jẹ́ẹ́. Rírù yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà. Ẹni tí ó bá ń rù kíákíá sábà máa ń tètè kú ju ẹni tí ìwọ̀n ara rẹ̀ dúró lọ.

Irúfẹ́ túùbù àti bí a ti ń fi í sí i

Ṣíṣí ojú ọ̀nà sí àpòlúkù láti ara ikùn kì í ṣe ohun tuntun. Charles Sédillot, oníṣẹ́ abẹ ní ìlú Strasbourg, ṣe é fún ènìyàn ní 1849. Ní 1979, ní ìlú Cleveland ní Amẹ́ríkà, Michael Gauderer àti Jeffrey Ponsky rí ọ̀nà láti ṣe é láìla ikùn sílẹ̀ gbọọrọ. Ọmọ ọwọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é fún, wọ́n sì kọ ìròyìn rẹ̀ jáde ní 1980. Ọ̀nà yìí ni wọ́n ń pè ní PEG, òun ni ó sì tàn kálẹ̀ jù lọ.

Nínú PEG, dókítà ń ti ẹ̀rọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó ní iná àti kámẹ́rà gba ẹnu wọ àpòlúkù láti fi rí ibi tí yóò ti lu ihò kékeré lára ikùn. Aláìsàn máa ń gba oògùn tí ń mú oorun kunni, ó sì máa ń fẹ̀yìn lélẹ̀. Ọ̀nà kejì, tí wọ́n ń pè ní RIG, ń lo ẹ̀rọ X-ray láti rí ibi tí túùbù ń lọ. Abẹ́rẹ́ tí ń pa ojú ibẹ̀ kú lè tó fún un, nítorí náà ó lè bá ẹni tí èémí rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ lágbára mu. Ọ̀nà kẹta ni iṣẹ́ abẹ tí a ń la ikùn ṣe, èyí tí dókítà oníṣẹ́ abẹ lè ṣe níbi tí kò bá sí ẹ̀rọ kámẹ́rà.

Túùbù tí a ń gba imú kì bọ inú àpòlúkù wọ́pọ̀ ní àwọn ilé ìwòsàn Nàìjíríà, ó sì rọrùn láti fi sí i. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni ó wà fún. Ó máa ń dun imú àti ọ̀fun, ó máa ń yọ, ó sì máa ń mú kí itọ́ pọ̀ sí i. Ó lè gbé aláìsàn dé ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, tàbí kí ó dúró fún ẹni tí iṣẹ́ abẹ kò ṣeé ṣe fún mọ́.

Ohun tí túùbù lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe

Túùbù ń jẹ́ kí oúnjẹ, omi àti oògùn wọlé láìsí wàhálà, ó ń dá ìwọ̀n ara dúró fún ọ̀pọ̀ aláìsàn, ó sì ń yọ ìbẹ̀rù tí ó máa ń bá àkókò oúnjẹ wá kúrò nínú ilé. Kò ní kí aláìsàn má fi ẹnu jẹun mọ́. Ẹni tí ó bá ṣì lè gbé oúnjẹ mì díẹ̀ lè máa fi ẹnu tọ́ ohun tí ó wù ú wò, kí túùbù sì máa gbé èyí tí ó kù.

Túùbù kì í dá àrùn náà dúró. Ọwọ́, ẹsẹ̀, ohùn àti èémí yóò máa rọ lọ. Kì í sì í lé òtútù àyà jìnnà pátápátá, nítorí pé itọ́ àti oúnjẹ tí ó bá gòkè láti àpòlúkù ṣì lè ṣìnà. Ojú ihò náà lè kẹ̀, ó lè ṣẹ̀jẹ̀, ohun inú àpòlúkù sì lè jò sínú ikùn, bí èyí kò tilẹ̀ wọ́pọ̀. Ọ̀pọ̀ dókítà gbà pé túùbù tí a fi sí i lákòókò lè mú kí ẹ̀mí gùn, ṣùgbọ́n ẹ̀rí tí ó wà kò wá láti inú ìwádìí tí wọ́n ti fi ìbò pín aláìsàn sí ọ̀nà méjì. Ohun tí ó hàn kedere jù ni pé ẹni tí ó bá pẹ́ jù kí ó tó gbà á kì í jẹ àǹfààní rẹ̀ tó ẹni tí ó tètè gbà á.

Àwọn àmì pé àkókò ti ń tó

Kò sí àmì kan ṣoṣo tí ń sọ ọjọ́ náà. Àwọn dókítà máa ń wo ọ̀pọ̀ nǹkan pọ̀, ẹbí sì lè ṣọ́ púpọ̀ nínú wọn nílé:

- Ìwọ̀n ara. Ó yẹ kí a wọn aláìsàn ní ọjọ́ tí wọ́n bá sọ àrùn náà, kí a kọ ọ́ sílẹ̀, kí a sì máa wọ̀n ọ́n lóṣooṣù lórí òṣùwọ̀n kan náà. Bí ẹni tí ó wọn kílò 70 bá di kílò 66.5, ó ti pàdánù ìdá 5 nínú 100. Bí ó bá di kílò 63, ó ti pàdánù ìdá 10 nínú 100.
- Gígùn àkókò oúnjẹ. Oúnjẹ tí ó ti ń parí ní ìṣẹ́jú 20 tẹ́lẹ̀ tí ó wá ń gba ìṣẹ́jú 45 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ń fi hàn pé ọ̀fun ti rẹ̀.
- Ikọ́ nídìí oúnjẹ. Ẹni tí ń húkọ́ nígbà tí ó bá ń mu omi, tàbí tí ohùn rẹ̀ ń di bí ohùn ẹni tí omi wà lọ́fun rẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ, wà nínú ewu.
- Omi ara. Ìtọ̀ tí ó dín kù tí ó sì pọ́n, ẹnu gbígbẹ àti ìgbẹ́ líle ń fi hàn pé aláìsàn ti ń sá fún omi.
- Òtútù àyà tí ń ṣẹ́yọ léraléra.
- Èémí. Èyí ni a ṣàlàyé nísàlẹ̀ yìí.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, pípàdánù ìdá 10 nínú 100 ìwọ̀n ara ni wọ́n ń lò gẹ́gẹ́ bí àmì. Ìwádìí ProGas, tí wọ́n ṣe ní ilé ìtọ́jú 24 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti àyíká rẹ̀ pẹ̀lú aláìsàn 345, tí àbájáde rẹ̀ sì jáde ní 2015, fi hàn pé àwọn tí ó ti rù púpọ̀ kí wọ́n tó gba túùbù kò jẹ àǹfààní rẹ̀ tó. Àwọn olùwádìí náà dábàá pé ìdá 5 nínú 100 ni ó yẹ kí ó jẹ́ ààlà. Ní 2016, àjọ NICE ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi sínú ìlànà rẹ̀ pé kí wọ́n bá aláìsàn sọ̀rọ̀ túùbù ní kùtùkùtù, kí wọ́n máa padà sórí rẹ̀ lóòrèkóòrè, kí wọ́n sì ṣàlàyé ewu ìdádúró fún un.

Ìdí tí èémí fi ń pinnu ju ebi lọ

Iṣan ni ó ń fa afẹ́fẹ́ wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, èyí tí ó tóbi jù nínú wọn sì wà láàárín àyà àti ikùn. ALS ń sọ òun náà di aláìlágbára. Nígbà tí aláìsàn bá fẹ̀yìn lélẹ̀ fún iṣẹ́ abẹ, ìfun á ti iṣan yìí sókè. Bí ó bá tún gba oògùn oorun, agbára tí ó fi ń mí lè má tó mọ́.

Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí aláìsàn ń fẹ́ èémí sí láti mọ bí ó ti pọ̀ tó, kí a sì fi wé ti ẹni tí ara rẹ̀ le tí ó jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìlànà tí ẹgbẹ́ American Academy of Neurology gbé jáde ní 1999 dábàá pé kí wọ́n fi túùbù sí i kí èyí tó wálẹ̀ dé ìdá 50 nínú 100. Nígbà tí ẹgbẹ́ náà tún un ṣe ní 2009, wọ́n ní ẹ̀rí kò tó láti fi òǹkà kan ṣe òfin, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ dókítà ṣì ń lo ìdá 50 gẹ́gẹ́ bí ìkìlọ̀. Láàárín ìdá 50 àti 30, ewu ń pọ̀ sí i, ó sì lè gba kí ẹ̀rọ tí ń ranni lọ́wọ́ láti mí wà nítòsí nígbà iṣẹ́ abẹ. Bí ó bá ti lọ sílẹ̀ ju ìdá 30, ewu náà pọ̀ gan-an.

Níbi tí ẹ̀rọ ìwọn èémí kò bá sí nítòsí, àwọn àmì kan wà tí kò yẹ kí ẹbí fojú fò dá: kí aláìsàn má lè fẹ̀yìn lélẹ̀ láìsí ìrọ̀rí púpọ̀, kí orí máa fọ́ ọ ní òwúrọ̀, kí ó máa jí léraléra lóru, kí ó máa tòògbé lọ́sàn-án, kí ó má lè parí gbólóhùn kan láìmí sínú, tàbí kí ikọ́ rẹ̀ má lágbára mọ́. Aláìsàn tí ń jẹun dáadáa ṣùgbọ́n tí ó ní àwọn àmì yìí lè ti sún mọ́ òpin àkókò iṣẹ́ abẹ náà ju ẹni tí ń húkọ́ nídìí oúnjẹ lọ. Ibí yìí ni àṣìṣe ti wọ́pọ̀ jù. Ẹbí máa ń dúró de ọjọ́ tí ẹnu yóò kọ oúnjẹ, ọjọ́ náà á sì dé nígbà tí èémí kò gba iṣẹ́ abẹ mọ́.

Ní Àkúrẹ́ àti ìlú Oǹdó

Àkúrẹ́, olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Oǹdó láti 1976, àti ìlú Oǹdó wà ní nǹkan bíi kìlómítà 50 síra wọn. Ilé ìwòsàn ìkọ́ni ti Yunifásítì Ìmọ̀ Ìṣègùn, tí a mọ̀ sí UNIMED, ní ẹ̀ka ní ìlú méjèèjì. Yunifásítì náà fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Oǹdó ní 2015. Ní Ọ̀wọ̀, tí ó wà ní ìlà-oòrùn Àkúrẹ́, ni Federal Medical Centre wà. Ní ìhà ìwọ̀-oòrùn, ọ̀nà láti ìlú Oǹdó lọ sí Ilé-Ifẹ̀ àti ọ̀nà láti Àkúrẹ́ gba Iléṣà kọjá ń gbé ènìyàn lọ sí Ilé Ìwòsàn Ìkọ́ni ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, àti lẹ́yìn rẹ̀ sí UCH ní Ìbàdàn, tí ó ti ń gba aláìsàn láti 1957.

Fún ẹbí tí ń gbé ní ìlú méjèèjì yìí, ìrìn àjò jẹ́ apá kan ìpinnu. Dókítà tí ó mọ̀ nípa ọpọlọ, ẹni tí ń lo ẹ̀rọ kámẹ́rà àpòlúkù, ẹ̀rọ ìwọn èémí àti ẹ̀rọ amúnimí lè má wà lábẹ́ òrùlé kan ṣoṣo. Ìwé ìdarí láti ilé ìwòsàn kan sí òmíràn, ọjọ́ àyẹ̀wò, owó, ìyanṣẹ́lódì àwọn òṣìṣẹ́ ìlera àti ìdúró de ọjọ́ iṣẹ́ abẹ lè gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Nítorí náà, ààlà ìdá 5 nínú 100 kò lè jẹ́ ọjọ́ tí a ń bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí. Ó yẹ kí ó bá ìwádìí nílẹ̀. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n.

Kí aláìsàn tó kúrò nílé, àwọn ìbéèrè wọ̀nyí wúlò láti bi ilé ìwòsàn tí ó fẹ́ lọ: Ọ̀nà wo ni wọ́n ń lò láti fi túùbù sí i? Ṣé wọ́n ti ṣe é fún aláìsàn tí èémí rẹ̀ kò lágbára rí? Ṣé ẹ̀rọ amúnimí wà ní yàrá iṣẹ́ abẹ? Èló ni gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tí aláìsàn yóò lò lórí ibùsùn? Irú túùbù wo ni, níbo ni a sì ti lè rí òmíràn rà bí ó bá bàjẹ́? Ta ni a ó pè bí ó bá yọ lóru?

Ọ̀pọ̀ ẹbí ní Nàìjíríà ń san owó ìtọ́jú láti inú àpò ara wọn, bí òfin ètò adójútòfò ìlera tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní 2022 tilẹ̀ sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ènìyàn láti wà nínú ètò náà. Ẹni tí ó bá wà nínú ètò ti ìjọba àpapọ̀ tàbí ti Ìpínlẹ̀ Oǹdó yóò ṣe dáadáa bí ó bá béèrè ní àkọsílẹ̀ ohun tí ètò rẹ̀ yóò san. Owó kò parí sí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ. Síríǹjì, oúnjẹ, túùbù mìíràn àti iná tí yóò gbé ẹ̀rọ ìlọta, fíríìjì àti ẹ̀rọ amúnimí wà nínú ìṣirò náà.

Ẹni tí ìpinnu wà lọ́wọ́ rẹ̀

Aláìsàn tí ọpọlọ rẹ̀ pé ni ó ni ìpinnu. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀rọ̀ àìsàn ńlá sábà máa ń di ọ̀rọ̀ mọ̀lẹ́bí. Àkọ́bí, ẹ̀gbọ́n, ìyàwó tàbí ọkọ, àti ẹni tí ń san owó ní ohun tí wọ́n fẹ́ sọ. Nígbà mìíràn, wọ́n á fi orúkọ àrùn náà pamọ́ fún bàbá tàbí ìyá kí ọkàn rẹ̀ má bàa bàjẹ́. Ìfẹ́ ni ó ń fa èyí, ṣùgbọ́n ó ń gba àkókò tí aláìsàn ìbá fi sọ ohun tí ó fẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. ALS lè gba ohùn kí ó tó gba oúnjẹ, ó sì máa ń kan ìrònú àwọn kan. Ẹnu oníkàn la ti ń gbọ́ pọ̀ún. Ẹni tí a kò bi léèrè nígbà tí ó ṣì lè sọ̀rọ̀ lè má rí ọ̀nà dáhùn mọ́.

Ìdáhùn mẹ́ta ni ó wọ́pọ̀. Ẹnì kan lè ní òun fẹ́ túùbù. Ẹlòmíràn lè ní kò tíì tó àkókò. Irú ìdáhùn yìí nílò ọjọ́ tí a ó tún un wò, àti òǹkà ìwọ̀n ara àti ti èémí tí yóò mú kí a tètè padà. Ẹni kẹta lè ní òun kò fẹ́ ẹ rárá, nítorí pé kò fẹ́ kí ọjọ́ òun gùn nígbà tí ara kò lè ṣe ohunkóhun mọ́. Kíkọ túùbù kò túmọ̀ sí kíkọ ìtọ́jú. Gbígbà á kò sì de aláìsàn mọ́lẹ̀, nítorí pé ó lè ní kí wọ́n dá oúnjẹ inú túùbù dúró bí ìgbà bá yí padà. Ó dára kí a kọ ohun tí ó bá sọ sílẹ̀, kí dókítà àti ẹnì kan nínú ẹbí sì ní ẹ̀dà rẹ̀.

Oúnjẹ jẹ́ ọ̀rẹ́ àwọ̀ fún Yorùbá, ẹni tí ń fún aláìsàn lóúnjẹ sì máa ń kà á sí iṣẹ́ ìfẹ́. Nítorí náà, túùbù lè dà bí ìjákulẹ̀ lójú ẹni tí ń se ọbẹ̀. Ìyàwó tàbí ọmọ tí ń lo wákàtí mẹ́ta lóòjọ́ láti fi síbí bọ́ aláìsàn lè rò pé bí òun bá ní sùúrù sí i, yóò jẹ tó. Ó yẹ kí dókítà àti nọ́ọ̀sì sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé kì í ṣe àìtó sùúrù ni ó fà á.

Ìtọ́jú túùbù nílé

Oúnjẹ tí wọ́n ti ṣe sínú agolo tàbí ike fún túùbù wà, ṣùgbọ́n ó gbówó lórí. Onímọ̀ nípa oúnjẹ ní ilé ìwòsàn lè bá ẹbí ṣètò èyí tí a ń ṣe nílé láti inú ògì, sóyà, ẹ̀pà, ẹyin, ẹja, mílíìkì, ẹ̀fọ́ àti epo. A óò lọ̀ ọ́ kúnná, a óò sì fi asẹ́ sẹ́ ẹ kí ó má bàa dí túùbù. Omi tí ó mọ́, ọwọ́ tí a fi ọṣẹ fọ̀ àti ìkòkò tí ó mọ́ ṣe kókó. Oúnjẹ tí a ṣe nílé kò gbọdọ̀ pẹ́ ju wákàtí méjì lọ nínú ooru. Bí iná bá lọ tí fíríìjì sì ti gbóná, sísè díẹ̀ nígbà kọ̀ọ̀kan sàn ju títọ́jú púpọ̀ lọ.

Aláìsàn gbọ́dọ̀ jókòó tàbí kí orí àti àyà rẹ̀ ga nígbà tí oúnjẹ bá ń wọlé, kí ó sì wà bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú 30 sí 60 lẹ́yìn rẹ̀. Omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ nǹkan bíi mílílítà 30 ni ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì ń kọ́ ẹbí láti fi fọ túùbù ṣáájú oúnjẹ, lẹ́yìn rẹ̀ àti láàárín oògùn kan sí èkejì. Oògùn tí a óò fi sínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ olómi tàbí èyí tí dókítà gbà pé ó ṣeé lọ̀.

Ojú ihò náà ń gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó jinná dáadáa. Bí túùbù bá yọ kí èyí tó ṣẹlẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tì í padà nílé, nítorí pé ó lè ṣìnà sínú ikùn. Ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé aláìsàn lọ lójú ẹsẹ̀. Bí ó bá yọ lẹ́yìn tí ihò ti jinná, ihò náà lè padé láàárín wákàtí díẹ̀, nítorí náà kò yẹ kí wọ́n dúró di ọjọ́ kejì. Ibà, ikùn tí ó le, ìrora tí ń pọ̀ sí i àti ọyún lójú ihò tún jẹ́ àmì tí a kò gbọdọ̀ fi jáfara.

Nígbà tí àkókò bá ti kọjá

Àwọn aláìsàn kan máa ń dé ọ̀dọ̀ dókítà nígbà tí èémí wọn ti dín kù púpọ̀, tí ara sì ti rù kọjá ààlà. Fún àwọn kan nínú wọn, RIG tàbí iṣẹ́ abẹ pẹ̀lú ẹ̀rọ amúnimí ṣì lè ṣeé ṣe ní ilé ìwòsàn tí ó ní ohun èlò. Fún àwọn mìíràn, túùbù imú ni ó kù. Fún ẹni tí ó wà ní ọjọ́ ìkẹyìn, iṣẹ́ abẹ lè fi ìyà kún ìyà láìfi ọjọ́ kún ọjọ́.

Ní irú àkókò yìí, ìtọ́jú kò tíì parí. Oògùn wà fún ìrora, fún itọ́ tí ó pọ̀ jù àti fún ìbẹ̀rù tí àìlèmí máa ń mú wá. A lè fi òwú tí ó tutù nu ẹnu àti ètè, a sì lè fi omi ọbẹ̀ tí aláìsàn fẹ́ràn kan ahọ́n rẹ̀ bí dókítà bá gbà á láyè. Dídín oúnjẹ kù nígbà náà kì í ṣe fífi ebi pa aláìsàn. Ara tí ń sún mọ́ òpin kì í béèrè oúnjẹ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ẹbí tí ó bá ti gbọ́ ìfẹ́ aláìsàn láti ẹnu òun fúnra rẹ̀ ní oṣù mélòó kan sẹ́yìn kì í ní láti máa bá ara wọn jiyàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn.